Ọnà Èdè Lára Amọ̀: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Robert Arneson àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò díẹ̀ nínú àwọn ère amọ̀ tí Robert Arneson, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mọ láàárín ọdún 1961 sí 1982. Ohun ìlò ojoojúmọ́ bí ìgò àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Orí ènìyàn tí ó tóbi ju ti ẹ̀dá lọ ni ó bá a dé. Àwọn orúkọ tí a fi ń pe ọnà èdè ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àṣà àrokò, ni a fi ṣe àtùpà láti wo àwọn ère náà. Èrò wa ni pé ọnà èdè kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lára. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ronú ni, ó sì lè hàn lára ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe. Ní ìparí, a dábàá bí olùkọ́ ṣe lè lo òye yìí nínú kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti máàkì ìwé ìdánwò lítíréṣọ̀ Yorùbá rí yóò jẹ́rìí sí ohun kan. Bí ìbéèrè bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ oríkì àsọrégèé, yóò sọ ọ́ bí ẹni da omi. Yóò fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn, àpẹẹrẹ náà yóò sì jẹ́ èyí tí olùkọ́ rẹ̀ kọ sí ojú pátákó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àyọkà tí kò rí rí síwájú rẹ̀, tí a sì bi í pé kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá bẹ́ẹ̀, gègé rẹ̀ yóò dúró. Ó mọ orúkọ ọnà èdè, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Àwa olùkọ́ ni a sọ ọnà èdè di àkọ́sórí. A to orúkọ wọn sílẹ̀ bí ẹni to ìṣáná, a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríkì, a fún un ní àpẹẹrẹ kan, a sì kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ wá gbà pé àwọn akéwì nìkan ni ó ni wọ́n, àti pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ń gbé.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ gbé ojú kúrò lára ìwé fún ìgbà díẹ̀, kí a wo iṣẹ́ amọ̀kòkò kan. A kò sọ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni Arneson ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó jẹ́ kí a yàn án. Èkíní, àwọn ohun tí ó mọ jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí kò sí ẹni tí í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, amọ̀ ni ohun èlò rẹ̀, amọ̀ kò sì ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀kẹta, olùkọ́ ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì sọ ọ́ di amọ̀kòkò, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

2.0 Ta ni Robert Arneson?

Ìlú Benicia ní California ni wọ́n ti bí Robert Arneson ní ọdún 1930, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1992. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa eré ìdárayá fún ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀. Ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ bí a ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní ọdún 1954, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ amọ̀, iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ó di dandan kí ó padà di ọmọ-ẹ̀kọ́ kí ó lè jẹ́ olùkọ́. Bí amọ̀ ṣe wọ̀ ọ́ lẹ́wù nìyẹn. Ó gba oyè gíga nínú iṣẹ́ ọnà ní Mills College ní ọdún 1958. Láti ọdún 1962 títí di ọdún 1991 ni ó fi ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì California tí ó wà ní ìlú Davis.

Ní àkókò tí Arneson bẹ̀rẹ̀, ojú tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà fi ń wo amọ̀ kò dára. Wọ́n gbà pé òkúta, idẹ àti ọ̀dà aláwọ̀ ni ohun èlò ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà. Amọ̀ jẹ́ ti ife, àwo àti ìkòkò òdòdó. Peter Voulkos ti ń bá èrò yìí jà láti àárín àwọn ọdún 1950. Ó ń mọ amọ̀ ní ńláńlá, ó ń fà á ya, ó ń gún un lójú, títí tí kò fi sí ẹni tí ó lè bu omi sínú rẹ̀ mọ́. Arneson bọ̀wọ̀ fún Voulkos, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Voulkos sọ ìkòkò di ohun tí kò jọ nǹkan kan. Arneson ní tirẹ̀ padà sí inú ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ọ́fíìsì, ó sì mú àwọn nǹkan tí ó jọ ara wọn jáde níbẹ̀.

3.0 Àwọn tí wọ́n sọ ohun kékeré di ńlá

Ó yẹ kí a mọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ yìí wà. Ní àwọn ọdún 1950 ní ìlú London, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ní New York, ni àwọn oníṣẹ́ ọnà kan dìde tí wọ́n ní ọjà, ìpolówó àti ohun inú agolo tó gbé sára ògiri ilé ìṣàfihàn. Ẹ̀ka yìí ni wọ́n ń pè ní Pop Art, èyí tí a lè pè ní ọnà ọjà. Ní ọdún 1962 ni Andy Warhol ya àwòrán agolo ọbẹ̀ Campbell, méjìlélọ́gbọ̀n ní orí ìlà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Claes Oldenburg fi aṣọ kánfáàsì rán búrẹ́dì onípanápá tí ẹran wà láàárín rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ó sì tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1976, ó fi irin ṣe ohun tí a fi ń há aṣọ sórí okùn, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 45, wọ́n sì gbé e dúró sí àárín ìlú Philadelphia.

Arneson pín nínú ẹ̀mí yìí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Àwọn ti New York fẹ́ kí iṣẹ́ wọn mọ́ bí ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Àwọn ti California kò bìkítà fún ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀: ìka ọwọ́ hàn lára amọ̀ wọn, ẹ̀fẹ̀ wọn sì rí bí ẹ̀fẹ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lábẹ́ igi. Nígbà tí Peter Selz ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ wọn ní Berkeley ní ọdún 1967, Funk ni ó pe orúkọ rẹ̀. Arneson wà lára àwọn tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn níbẹ̀.

4.0 Ìtúpalẹ̀

4.1 Ìfọ̀rọ̀dárà: ìgò tí a dé pa

Ní ọdún 1961, Arneson wà ní ibi ọjà ìpàtẹ ìpínlẹ̀ California ní ìlú Sacramento, ó ń fi bí a ti ń mọ ìkòkò lórí kẹ̀kẹ́ han àwọn èrò. Ó mọ ìgò kan tí kò ga ju ìgò gidi lọ. Lẹ́yìn náà, ó mọ ìdérí amọ̀, ó fi dé e pa pátápátá, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ méjì sí i lára: NO RETURN.

Ẹni tí ó bá ti ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò nílẹ̀ wa mọ ìtàn owó ìdógò: o san owó ìgò, nígbà tí o bá dá ìgò padà, wọn yóò dá owó rẹ padà. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ìgò Arneson jẹ́ ti ìgò tí a kì í dá padà, èyí tí a ń mu tán tí a ń jù nù. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ti ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kejì wà lábẹ́ rẹ̀. Amọ̀kòkò tí ó dé ẹnu ìkòkò rẹ̀ pa ti fi iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀: ohun tí ó mọ kò lè gba omi, kò lè tú omi jáde. Òun fúnra rẹ̀ ti kọjá ibi tí ó ti lè padà.

Èyí gan-an ni ìfọ̀rọ̀dárà: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì, tí èkejì ń fi èkíní rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé Yorùbá kò gbà kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì náà ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí a bá ní «kò sí ìdápadà», ìgò ni a ń sọ. Bí a bá ní «kò sí ìpadàbọ̀», ènìyàn ni. Iṣẹ́ tí èdè kan fi ọ̀rọ̀ kan ṣe, èdè kejì ní láti fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe é. Kò sí ẹ̀kọ́ ìtumọ̀-ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ fún akẹ́kọ̀ọ́.

4.2 Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ àti ìfohunpènìyàn: èékánná lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Ní ọdún 1966, Arneson mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, irú táípùráítà tí àwọn akọ̀wé máa ń lò ní ọ́fíìsì kí kọ̀ǹpútà tó gba ipò rẹ̀. Ó wúwú, ó tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni pé oòrùn ti fẹ́ yọ́ ọ. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé kò sí lẹ́tà kankan níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà wà. Orí ìka ọwọ́ obìnrin ni ó tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èékánná tí a kùn ní ọ̀dà pupa. Ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà Yunifásítì California ní Berkeley ni ère náà wà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ìfohunpènìyàn nìyí, ó gbà á, nítorí a fún ohun aláìlẹ́mìí ní ẹ̀yà ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀. Kí ó bi í pé: ìka ta ni? Ìka akọ̀wé ni. Ní àkókò náà, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, ọ̀gá ọkùnrin ni ó sì ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn. Ère yìí ń wí pé obìnrin náà ti di ara ẹ̀rọ. Kò jókòó níwájú rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ni ó wà, ìka rẹ̀ nìkan ni ó kù lóde. Nígbà tí a bá sọ pé ohun kan ni ohun mìíràn, tí a kò ní «bí» tàbí «dà bí», àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni a ṣe. Arneson kò sọ pé akọ̀wé dà bí ẹ̀rọ. Ó ní akọ̀wé ni ẹ̀rọ.

A rí i níbí pé ọnà èdè méjì lè wà nínú ohun kan ṣoṣo, tí wọn kò sì bá ara wọn jà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé gbólóhùn kan, ọnà èdè kan, nílò láti rí èyí.

4.3 Àsọrégèé: orí tí ó ju orí lọ

Láti àwọn ọdún 1970 ni Arneson ti gbájú mọ́ orí ènìyàn, pàápàá jù lọ orí ara rẹ̀. Ohun ìlò tí ènìyàn ní tí ó súnmọ́ ọn jù ni ojú rẹ̀, òun ni ó sì sọ di ńlá. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí amọ̀ bá ń gbẹ, ó máa ń súnkì. Bí ó bá sì nípọn jù, tí omi ṣì kù nínú rẹ̀, yóò fọ́ nínú iná. Nítorí náà, ère amọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ ní ihò nínú, kí ara rẹ̀ sì ṣe déédéé. Bí ó bá tóbi ju ilé iná lọ, a ní láti sun ún ní abala-abala kí a tó tò ó pọ̀. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lè ṣe àsọrégèé láàárín ìṣẹ́jú kan. Amọ̀kòkò ní láti san owó rẹ̀ ní oṣù. Ìdí nìyí tí kì í fi í sọ ohun di ńlá láìnídìí.

Ní ọdún 1981, ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà Whitney ní New York ṣe ìpàtẹ àwọn amọ̀kòkò mẹ́fà, Arneson wà lára wọn. Hilton Kramer, alárìíwísí tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ nígbà náà, bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ará California náà nínú ìwé ìròyìn. Lójú rẹ̀, ọgbọ́n ará oko ni wọ́n ń gbọ́n. Arneson kò kọ ìwé èsì. Ó mọ èsì rẹ̀. Ní ọdún 1982 ni ó parí California Artist, ère ara rẹ̀ tí ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 5, láti orí dé ìdí ní orí ìdúró. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì láìwọ ẹ̀wù sí abẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ kọ́ àyà, ó wọ awò dúdú. Ìgò ọtí àti ewé igbó wà lára ìdúró rẹ̀. Bí ènìyàn bá súnmọ́ ọn tí ó yọjú wo inú awò náà, kò ní rí ojú: ihò ni yóò rí, orí náà ṣófo.

Àlàyé wo ni a lè ṣe? Arneson gba èébú náà, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì gbé e kalẹ̀: ẹ ní orí wa ṣófo, ẹ wá wò ó. Àsọrégèé níhìn-ín kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ìgbéraga. Ó mú èrò ẹlòmíràn, ó fẹ̀ ẹ́ títí tí àìdára rẹ̀ fi hàn sí gbogbo ènìyàn. A óò sì rántí pé gbogbo ère amọ̀ tí ó tóbi ni inú rẹ̀ ṣófo. Bí kò bá ṣófo, iná yóò fọ́ ọ. Òfin iṣẹ́ amọ̀ ni ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè mú níbẹ̀ ni pé àsọrégèé gbọ́dọ̀ ní ìdí. Kì í ṣe bí ohun ṣe tóbi tó ni kí a máa bi akẹ́kọ̀ọ́. Kí a bi í pé, nígbà tí ó tóbi tán, kí ni ó wá hàn tí kò hàn tẹ́lẹ̀?

4.4 Àrokò: ìdúró tí ó sọ̀rọ̀ jù

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, Dan White, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco, yìnbọn pa olórí ìlú náà, George Moscone, àti Harvey Milk, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ní ilé-ẹjọ́ ní ọdún 1979, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ìbànújẹ́ ọkàn ni ó ń ṣe é, wọ́n sì fi oúnjẹ aládùn jákujàku tí ó ń jẹ ṣe àmì rẹ̀. Àwọn oníròyìn wá fi orúkọ àkàrà òyìnbó aládùn kan, Twinkie, pe àwíjàre náà. Ẹ̀bi tí wọ́n dá a fún kéré sí ti ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì dùn sí i.

Nígbà tí ìlú náà kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá tí wọ́n fi orúkọ Moscone pè, wọ́n gbé iṣẹ́ ère rẹ̀ fún Arneson ní owó dọ́là 37,000. Ó mọ orí Moscone ní ńlá, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rí àléébù lára orí náà. Ọ̀rọ̀ wà ní ìdúró. Lára ìdúró tí orí náà dúró lé, Arneson kọ ìtàn ayé Moscone àti ọ̀rọ̀ nípa ikú rẹ̀. Ó ya ìbọn, ó ṣe ojú ihò ọta sí i, ó ta á ní àwọ̀ bí ẹ̀jẹ̀, ó sì ya Twinkie kan. Láti ilẹ̀ dé òkè, iṣẹ́ náà lé ní ẹsẹ̀ bàtà 7.

Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, aṣọ ni wọ́n fi bo ìdúró náà. Dianne Feinstein, tí ó di olórí ìlú lẹ́yìn ikú Moscone, kọ̀wé láti takò ó. Ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí iṣẹ́ ọnà kọ̀ ọ́. Arneson kò gbà láti yí ìdúró padà. Ó dá owó wọn padà, ó sì gbé ère rẹ̀. Ní ọdún 2012 ni ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà òde òní ti San Francisco wá gbà á sí ọ̀dọ̀. Ìlú náà lo ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ère náà tó padà sílé.

Kí ni ó dé tí wọ́n gba orí tí wọ́n kọ ìdúró? Yorùbá ni ó ní èsì rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àkísà àti bàtà gbígbó tí a so mọ́ ìtí igi ẹlòmíràn ní ọ̀nà oko kì í sọ pé pàǹtírí ni. Ó mọ̀ pé ààlè ni, ó sì mọ ohun tí ó ń wí. Nínú àṣà àrokò, ohun tí kò níye lórí ní ibi rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí ó wúwo nígbà tí a bá mú un kúrò ní ibi rẹ̀. Àkàrà òyìnbó ní ilé ìtajà kì í ṣe nǹkan kan. Àkàrà òyìnbó lábẹ́ orí ẹni tí a pa di ẹ̀sùn. Orí náà jẹ́ oríkì, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ràn oríkì. Ìdúró náà jẹ́ àrokò, ẹni tí a pa àrokò ránṣẹ́ sí kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

A kò ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé Arneson jàre. Àwọn kan lè sọ pé ibi tí ẹbí olóògbé yóò ti máa kọjá kọ́ ni ó yẹ kí a ti ya ìbọn tí ó pa á, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Yorùbá mọ ohun tí a ń fi àdàpè sọ nítorí ọ̀wọ̀. Ìjíròrò lórí èyí gan-an ni yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé yíyan ọnà èdè jẹ́ yíyan ìwà, àti pé ẹni tí ó yàn án yóò dáhùn fún un.

5.0 Ibi tí amọ̀ ti jìnnà sí ọ̀rọ̀

Kí a má baà sọ̀rọ̀ kọjá ohun tí a rí, ó yẹ kí a sọ ààlà àfiwé yìí. Àkọ́kọ́ ni pé amọ̀ kò ní ohùn. Ìfọ̀rọ̀dárà tí Yorùbá fẹ́ràn jù dá lórí ohùn: igbá, ìgbà, igba àti ìgbá jẹ́ lẹ́tà kan náà lójú, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n létí. Kò sí amọ̀kòkò tí ó lè mọ èyí. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé; akéwì lè dá wa dúró kí ó tó sọ ibi tí ó ń lọ. Ère a máa fi gbogbo ara rẹ̀ hàn ní ẹ̀ẹ̀kan, àfi bí a bá yí i po. Nítorí náà, ère kò lè gba ipò ewì nínú kíláàsì. Ọ̀nà àbáwọlé ni; inú ilé ni ewì wà.

6.0 Ìwúlò nínú kíláàsì

Àbá tí a mú wá yìí kò gba owó, kò sì gba ẹ̀rọ. Ó lè gba pẹ́ríọ́dù méjì.

(i) Kí olùkọ́ mú ohun kan tí ó wọ́pọ̀ wá sí kíláàsì: kẹ́ẹ̀gì, fóònù, àdògán tàbí sálúbàtà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́.

(ii) Kí ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́rin, kí ó má sì tíì dárúkọ ọnà èdè kankan. Bí a bá dí ibi tí a fi ń lò ó, kí ni yóò máa wí? Bí ó bá ní ẹ̀yà ara kan, èwo ni, ti ta sì ni? Bí ó bá tóbi tó ilé, kí ni a ó rí lára rẹ̀ tí a kò rí tẹ́lẹ̀? Ibo ni a lè gbé e sí tí yóò fi di àrokò?

(iii) Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bu amọ̀ létí odò, kí wọ́n fi mọ ohun náà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tí ó wù wọ́n jù. Níbi tí amọ̀kòkò bá wà nítòsí, bí ti Ìpetumodù, kí a pè é wá, kí ó fi bí a ti í pò amọ̀ hàn wọ́n. Bí a bá máa sun àwọn ohun náà, èyí tí a bá dé pa gbọ́dọ̀ ní ojú ihò kékeré kan, kí ooru lè ráyè jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè bẹ́ nínú iná.

(iv) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìpínrọ̀ kan nípa ohun tí ó mọ. Ìgbà náà ni olùkọ́ yóò wá dárúkọ ọnà èdè tí ó ti jáde láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi kẹ́ẹ̀gì ṣe àpẹẹrẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé «Kẹ́ẹ̀gì náà tóbi bí òkè Olúmọ», ó ti sọ ohun di ńlá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó hàn. Bí ó bá kọ ọ́ pé «Gbogbo àdúgbò ló ń bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì ìyá mi, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ kì í fà», àsọrégèé náà ti ní ìdí: ìyá ni ó hàn, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì. Bí òmíràn bá kọ ọ́ pé «Kẹ́ẹ̀gì ilé wa kì í sùn, kí àkùkọ tó kọ, ó ti tò sí ìdí ẹ̀rọ omi», ó ti lo ìfohunpènìyàn, a sì ti mọ̀ láìsọ pé ẹnì kan ni ó ń jí gbé e lọ. Ìyàtọ̀ láàárín gbólóhùn àkọ́kọ́ àti méjì tó kù ni gbogbo ohun tí a fẹ́ kọ́ wọn.

7.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí a ń pè ní ìfọ̀rọ̀dárà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn àti àsọrégèé lè jáde lára ìgò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti orí amọ̀, àti pé òye àrokò tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ lè túmọ̀ iṣẹ́ tí a ṣe ní ìlú tí wọn kò dé rí. Èyí fi hàn pé àwọn orúkọ tí a ní ní èdè wa tó lò. Kò yẹ kí wọ́n máa rọ̀ sínú ìwé àkọ́sórí.

Ṣáájú kí Arneson tó kú, ó ṣe àwọn orí bí ẹyin fún ọgbà Yunifásítì tí ó ti kọ́ni, idẹ ni wọ́n sì fi rọ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dojú bolẹ̀ sórí ìwé níwájú ilé ìkàwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọwọ́ ra imú rẹ̀ bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí orí lè bá wọn ṣe é. Ẹ̀fẹ̀ olùkọ́ àgbà ni: ó mọ ohun tí kíkàwé láìronú máa ń sọ ènìyàn dà. Àwọn àgbà wa ní àpáàdì ní í ko iná lójú. Amọ̀ tí ó ti la iná kọjá kì í padà di ẹrẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ kì í yọ́ nínú ìdánwò.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àsọrégèé tí ó ní ìdí àti èyí tí kò ní? Fi àpẹẹrẹ tìrẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

2. «Orí náà jẹ́ oríkì, ìdúró náà jẹ́ àrokò.» Ǹjẹ́ o fara mọ́ èrò yìí nípa ère Moscone? Sọ ìdí rẹ.

3. Mú ohun ìlò kan nínú ilé rẹ, kí o sì kọ ìpínrọ̀ kan nípa rẹ̀ nínú èyí tí ọnà èdè méjì yóò ti hàn pọ̀.